Pátákó tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Kó Kọ

Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ẹnu lè parọ́, ojú sì lè fi ẹ̀rín bo nǹkan mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n níwájú oníbàárà kò ní ibi tí yóò sá sí. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe. Ó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ ti ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń kọ ti àwọn tó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ìdọ̀tí síwájú ilé wọn. Onípátákó ni gbogbo ènìyàn ń pè é, débi pé àwọn ọmọdé òpópónà rẹ̀ rò pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Òrùlé páànù ló wà lórí rẹ̀, agolo ọ̀dà tò lórí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òkè, àwọ̀ tó ti ta sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ sì ti gan mọ́ ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọlé yóò rò pé ẹní aláràbarà ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà a máa sọ fún un pé, "Má wo lẹ́tà, àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà ni kó o máa wò. Bí àlàfo bá gún, lẹ́tà á gún fúnra rẹ̀." Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà tí Onípátákó tún kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn tó ń kọ pátákó, bí a bá ti kan iṣẹ́ mọ́ òpó tán, oníbàárà a ṣí ìgò ọtí kan, òun àti ẹni tó kọ ọ́ a sì jọ mu ún lábẹ́ pátákó náà. Fífọ pátákó ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní pátákó tí a kò bá fọ̀ kì í fa èrò.

Nígbà tí Onípátákó wà ní ọmọ ogún ọdún, ó ń fọ pátákó kan lọ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọmọ ogójì, ó ti ń fọ èyí tí kò tíì kọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà bàjẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ bí ewúrẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò. Lẹ́tà O rẹ̀ dà bí ẹyin tí ènìyàn jókòó lé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan wo pátákó tó gbé wá, ó wo Onípátákó fúnra rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń ṣubú ni, àbí ẹ̀yin?" Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gbé pátákó rẹ̀ lérí, ó sì gba ọ̀nà ilé ọtí lọ.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe irun, fara dà á fún ọdún púpọ̀. Ohun tó lé e kúrò nílé kò tilẹ̀ tóbi lójú ẹlòmíràn. Onípátákó ṣèlérí pé òun ni yóò lọ mú ọmọ wọn obìnrin wálé láti ilé ẹ̀kọ́, ó sì gbàgbé. Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan títí gbogbo ọmọ fi lọ tán, àfìgbà tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì mú un wálé. Kò sunkún. Ó kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mo mọ̀ pé bàbá ò ní wá, àmọ́ mo ní kí n dúró díẹ̀ sí i."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ di ẹrù. Kò pariwo.

"Mi ò bá ẹ jà," ló wí. "Èmi àti ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kì í jọ wà nílé mọ́, ìgò ló ń dá mi lóhùn. Tó o bá lo oṣù mẹ́ta gbáko láìfẹnu kan ọtí, wá bá mi nílé ìyá mi. Má parọ́ fún mi o. Mo máa mọ̀."

Oṣù mẹ́ta, ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Onípátákó gbìyànjú fúnra rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń nulẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ló mú ọ̀rọ̀ ìpàdé náà wá. Ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi gèlè nu àga kó tó jókòó.

"Àbúrò mi, jókòó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti jókòó."

"Ìdí rẹ ló jókòó, orí rẹ ṣì ń yí. Gbọ́ mi. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn bíi tìẹ."

"Bíi tèmi báwo? Àwọn onípátákó?"

"Àwọn ọ̀mùtí! Háà, ṣé kí n kọ ọ́ sára ògiri fún ẹ ni?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "Dókítà kan ni mo bi léèrè. Kò mọ̀ ju ohun tó kọ síbí yìí lọ. Jọ̀ọ́, lọ. Nítorí ọmọ yẹn."

Ohun tó wà lára bébà tó nà sí i kò gùn: lẹ́yìn ilé ìkàwé, Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà ilé.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Onípátákó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní ọ̀dà lára, ó sì lọ. Ilé tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé kò lóǹkà. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó ń wo ara ògiri àti gbogbo géètì bóyá yóò rí nǹkan kà. Kò rí nǹkan kan. Ó di dandan kó béèrè, ìtìjú sì dì í lẹ́nu bí ẹni tó fi ọṣẹ sẹ́nu. Ó tọ aránbàtà kan lọ, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé ìkàwé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Bàtà wo ni?"

"Kì í ṣe bàtà. Ìpàdé ni... ibo ni wọ́n ti ń ṣèpàdé níbí?"

"Ìpàdé wo? Ìpàdé àdúgbò yìí pọ̀ ju bàtà lọ."

"Ìpàdé... ti àwọn àgbàlagbà."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ẹ wí bẹ́ẹ̀. Ilé aláwọ̀ ìyeyè tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni. Ẹ yáa sáré, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Onípátákó wọlé, ó rí nǹkan bí ogún ènìyàn lórí àga, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Ọkùnrin kan wà lórí ìdúró tó ń fìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní ìdọ̀tí ti dí wọn pa fún ọdún mẹ́ta, àwọn fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, tí wọn kò bá sì jọ fọwọ́ kó o, kò sí ẹni tó máa bá wọn kó o. Onípátákó ń mi orí. Ó ronú pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ọtí níbí nìyẹn, pẹ̀lú òwe. Omijé lé sí i lójú.

Alága rí i. "Bàbá tó wà lẹ́yìn, ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ẹ sọ tiyín."

Ó dìde. "Tèmi ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún," ló wí.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún! Tẹ́ ẹ ti ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà?"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Obìnrin kan ní kí wọ́n má fi bàbá ṣẹ̀sín, ó bi í léèrè ilé tó jẹ́ tirẹ̀.

"Mi ò nílé. Yàrá ni mo rẹ́ǹtì."

"Yéè! Ìpàdé onílé rèé o, bàbá. Ẹ tún padà wá tẹ́ ẹ bá kọ́lé."

Ó jáde bí adìẹ tí òjò pa. Kò dúró níbì kankan títí ó fi dé ilé ọtí, níbi tí wọn kì í ti í béèrè bóyá ènìyàn nílé tàbí kò ní.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tún lé e síta. Lọ́tẹ̀ yìí kò bi ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì aránbàtà, ó ní kó bá òun gán bàtà tí kò já, ó sì ń wò. Nígbà tí aago márùn-ún kù díẹ̀, obìnrin kan tó wọ bàtà funfun yà sí ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ìkàwé. Kó tó wọlé, ó bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, òun náà bojú wẹ̀yìn. Ẹni kẹta ṣe bẹ́ẹ̀. Onípátákó ronú pé àwọn ènìyàn òun nìyí. Ẹni tí kò ní nǹkan tó ń fi pa mọ́ kì í wo ẹ̀yìn báyẹn.

Ilé ìkẹ́rù ni wọ́n ń lò, níbi tí ilé ìkàwé ń kó ìwé tó ti ya àti àga tó ti kán sí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, òórùn bébà àtijọ́ sì kún inú rẹ̀. Àga méje ló yí po. Bàbá arúgbó kan tó tinrín, tó wọ awò ojú, nawọ́ sí i.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ mú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pé."

Tíṣà ni wọ́n ń pe bàbá náà, nítorí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún. Ó ti fi ọtí sílẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Òun ló ṣàlàyé ètò wọn fún àlejò.

"Níbí, a kì í béèrè orúkọ, a kì í béèrè ilé. Ohun tá a bá gbọ́ níbí, ibí la ń fi í sílẹ̀ sí. Tá a bá pàdé lójú ọ̀nà, a ò mọ ara wa rí."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní kí mi?"

"Ojú á kí yín. Ẹnu ò ní kí yín."

Wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin oníbàtà funfun, tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì, sọ pé ọkọ òun kò mọ ibi tí òun ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ẹnu iṣẹ́ ló rò pé òun wà. Ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Dírẹ́bà sọ pé ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lòun ń wa, ó sì ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí òun kò tọ́ ọtí wò, ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí òun bá ka àwọn ọmọ wọlé, ẹ̀rù ohun tí òun lè ti ṣe máa ń ba òun. Àwọn mẹ́ta tó kù kò sọ ohun púpọ̀. Nígbà tó kan Onípátákó, ó sọ ti ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó gbà á nímọ̀ràn pàápàá. Tíṣà kàn sọ pé, "Òní ni ọjọ́ kìíní."

Láti ìgbà náà, ó ń fo láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́bọ̀ bí ẹni tó ń tẹ òkúta kọjá odò. Àwọn ọjọ́ tó wà láàárín le, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ń làágùn, kò lè sùn, ó ń bá àwọn agolo ọ̀dà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó kọ pátákó fún ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, ìlà rẹ̀ sì gún bí okùn tí a fà. Inú oníbàárà náà dùn, ó gbé ìgò jáde.

"Omi ni mo fi ń fọ̀ ọ́ báyìí," ni Onípátákó wí, ó sì fi àkísà tútù nu pátákó náà láti òkè délẹ̀.

"Ẹ ò fẹ́ kí n rí èrò ni?"

"Tẹ́ ẹ bá ń tún rédíò ṣe dáadáa, ẹ máa rí èrò."

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹjọ, Tíṣà wo àga tó yí wọn po, ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tí Onípátákó ti dé, ẹnì kankan ò tún wá bá wa. Gbogbo ìlú yìí, àwa méje péré! Àwọn tó yẹ kó wà níbí, wọn ò mọ̀ pé a wà."

Àwọn yòókù hùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kàn ń kẹ́dùn ni, bí ènìyàn ṣe ń kẹ́dùn pé òjò kò rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Onípátákó lára. Ó rántí bí òun ṣe rìn káàkiri, bí àwọn onílé ṣe fi òun rẹ́rìn-ín, àti ọ̀sẹ̀ méjì tí òun fi mutí nítorí ìtìjú. Ẹlòmíràn lè wà lónìí tó ń rìn káàkiri báyẹn. Ohun tó sì jẹ́ ìṣòro ẹgbẹ́ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ òun gan-an ni. Ó ṣe é bíi pé Ọlọ́run dìídì fi òun ránṣẹ́ sí wọn ni.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ó fi bébà oníyanrìn họ pátákó náà títí ó fi ń dán, ó kun ún ní búlúù lẹ́ẹ̀mejì, ó fi okùn tí a ti rì sínú ẹfun fa ìlà, ó sì fi funfun kọ ọ́: ẸGBẸ́ ÀWỌN TÓ Ń FI ỌTÍ SÍLẸ̀. ỌJỌ́BỌ̀, AAGO MÁRÙN-ÚN. ẸNIKẸ́NI LÈ WỌLÉ. Ó ya ọfà sábẹ́ rẹ̀ tó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Láti ogún ọdún, kò tíì ṣe iṣẹ́ tó gún tó bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó fẹ́ rí ojú wọn nígbà tí wọ́n bá rí i.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kẹsàn-án, ó kàn án mọ́ ara ọgbà ilé ìkàwé, ní ẹnu ọ̀nà tóóró náà, níbi tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè kà á. Ó sún sẹ́yìn láti wò ó. Aránbàtà dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì kà á sókè.

"Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọtí... Háà! Nínú ilé ìkẹ́rù yẹn? Áà, àṣé! Mo rò pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀." Ó pàtẹ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì tó máa ń gba ibí kọjá yẹn ńkọ́? Àti ọkùnrin gíga yẹn... ṣé kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?"

 Onípátákó fọwọ́ kan pátákó náà bíi pé yóò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ronú pé aláròkiri lásán ni aránbàtà yìí, bí àwọn yòókù bá dé, inú wọn yóò dùn. Ó wọlé lọ to àga.

Aago márùn-ún lù. Ó dúró sí ojú fèrèsé. Ó rí Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní òdìkejì títì. Ó rí i tó dúró, tó ka pátákó náà, tí orí rẹ̀ sì yí díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ aránbàtà, ẹni tó ti ń nàka sí i fún oníbàárà kan. Lẹ́yìn náà ó ń rìn lọ, kò yára, bí ẹni tó fẹ́ lọ ra nǹkan níwájú. Kò bojú wẹ̀yìn. Dírẹ́bà kò wá. Àwọn mẹ́ta tó kù kò wá.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni Tíṣà tó dé. Ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Àwọn lẹ́tà yẹn dára," ló wí.

"Tíṣà, ṣé kí n yọ ọ́?"

"Ẹ yọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ti kà á."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé wọn ò mọ̀ pé a wà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni Tíṣà wí. "Òótọ́ ni. Èmi ni."

Ọ̀gá ilé ìkàwé ló kanlẹ̀kùn lẹ́yìn náà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú ń ti òun pàápàá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ sọ fún mi pé ìṣirò lẹ ń kọ́ àwọn àgbàlagbà."

"Ìṣirò náà ni, màmá. Ọjọ́ la ń kà."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti pè lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀sán, wọ́n ń béèrè ẹni tó fún àwọn ọ̀mùtí ní ilé ìjọba. Ó na ọwọ́, Tíṣà sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù Onípátákó. Kò gbà láti jókòó.

"A ti rí ibòmíràn. Mi ò lè sọ ibẹ̀ fún yín."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹ̀kọ́ tí Dírẹ́bà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ibi tẹ́ ẹ bá wà, òun ò ní sí níbẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Tíṣà. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò mọ̀."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ìyẹn ò dá ọkọ̀ padà." Bàbá náà wo ilẹ̀. "Èmi á máa wá síbí ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni méjì náà ń ṣe ìpàdé."

Ó wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó wá ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó ń wúkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, Onípátákó nu àga, ó dúró títí aago méje, kò rí i. Ìgbà yẹn ló yé e pé òun kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ bàbá náà, òun kò sì mọ òpópónà rẹ̀. Ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà wá Tíṣà láàárín gbogbo ẹni tí ayé ń pè ní Tíṣà? Ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó béèrè bàbá kan tó tinrín. Wọ́n ní bàbá tó tinrín ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọjọ́ karùndínláàádọ́rùn-ún bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí oṣù mẹ́ta pé. Onípátákó wà lórí àkàbà láti àárọ̀, ó ń kọ ara ògiri ilé ìtajà oògùn kan. Bí aago mẹ́rin ṣe ń kọjá lọ ni òùngbẹ ọtí dé, kì í ṣe ti ọ̀fun, ti gbogbo ara ni. Ó di àkàbà mú. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí lábẹ́ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì jáde.

Ó sọ̀kalẹ̀ kánkán, ọ̀dà kán sí i lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì mọ ibi tí Tíṣà wà. Ó mọ bóyá ó ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Onípátákó fẹ́ sọ: Tíṣà ńkọ́? Ó ti ya ẹnu kó tó rí ọkùnrin tó gba ilẹ̀kùn jáde tẹ̀ lé e, àti ọmọbìnrin gíga kan tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tó di ìyá rẹ̀ lápá mú. Nọ́ọ̀sì rí i. Ojú rẹ̀ kò kí i. Ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú ojú náà.

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè wo ògiri. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà yín mà gún o." Ó wá kíyè sí i. "Ó jọ pé ẹ mọ ìyàwó mi?"

Onípátákó mọ̀ pé tí òun bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè kejì yóò jẹ́ ibo. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé tí òun bá sọ pé rárá, kò tún sí ẹni tí òun yóò bi mọ́.

"Rárá, ọ̀gá," ló wí. "Ẹlòmíì ni mo fi wọ́n pè."

Wọ́n lọ. Ó gun àkàbà padà, ó parí ìlà tó kù, ó sì gún. Ẹni tó ni ilé oògùn jáde wá wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ìgò kan àti ife méjì wá. "Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́," ló wí. Onípátákó wá àkísà tútù rẹ̀ nínú àpò, ó rí i, ó dì í mú sọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀, ó sì gba ife náà. Kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó mu ún tán, ó gba òmíràn, ó sì lọ ra èyí tó kù fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti ga kó tó lè dìde. Ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó sì lọ sí ilé ìyá ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i lánàá tó lè sọ fún wọn níbẹ̀. Ó lè dúró ní ọjọ́ márùn-ún sí i kó sì wí pé oṣù mẹ́ta ti pé. Ó ro èyí láti ilé títí dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ìyarun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ni Onípátákó wí. "Lẹ́yìn náà, mo mu ún lánàá."

Láti inú ilé, wọ́n ń gbọ́ tí ọmọ náà ń bá ìyá àgbà rẹ̀ jiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa di irun òun. Ìyàwó rẹ̀ fi ara dí ẹnu ọ̀nà díẹ̀ sí i.

"Ìpàdé tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi yẹn ńkọ́? Wọn ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́?"

"Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́."

Ó fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n àlàyé náà gùn, ó sì kún fún ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí kò gbọ́dọ̀ sọ.

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, kò gbá a. Onípátákó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Kò gbọ́ èsì tí ìyá rẹ̀ fún un, nítorí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ ní àtẹ̀gùn.